Erèé Kàlàbá àti ewé tó kù kan

Àwọn àgbà ló ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí láti fi gbé egbòogi ilẹ̀ wa lárugẹ, ṣùgbọ́n apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí tó bí ó ti yẹ. Òwe náà gbà pé oògùn lè má jẹ́, ó sì sọ ìdí tí kò fi jẹ́: ohun kan ṣoṣo ló kù tí a kò fi sí i. Kí wá ni ewé tó kù nínú oògùn ilẹ̀ wa, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wa ni egbò máa ń wà, tí ó sì jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti máa ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ìtàn erèé kan tó ń hù ní agbègbè Kàlàbá, àti ti akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà tí erèé náà sọ di olókìkí, lè là wá lóye lórí ọ̀rọ̀ náà.

Esere ni àwọn Efik ń pe erèé náà. Ìtàkùn ni í so ó, ìtàkùn ọ̀hún a sì máa gun igi lọ sókè ní etí odò. Kóró rẹ̀ pọ́n dúdú, kò sì gùn ju ìdajì àtàǹpàkò lọ. Bí àwọn Yorùbá ti mọ èèpo igi obo sí ohun tí ẹnu kì í ṣèèṣì tọ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Efik mọ esere sí ohun tó ń pani. Òun ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ àjẹ́ láyé àtijọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn yóò jẹ erèé náà, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ sínú omi kí ó mu ún. Bí ó bá bì í, kò jẹ̀bi. Bí ó bá kú, ìdájọ́ ti parí. Àwọn onímọ̀ kan tó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ a máa gbé e mì wàràwàrà, inú rẹ̀ a sì tètè tì í jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, májèlé náà a sì ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ló bá a lọ.

Ní ọdún 1846, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, ròyìn erèé yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn míṣánnárì sì fi kóró rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí ó di ọdún 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa májèlé ní Yunifásítì Edinburgh, pinnu láti tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jẹ èyí tó tó ìdá mẹ́rin kóró kan. Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ ọ, tí gbogbo ara rẹ̀ sì rọ bí aṣọ. Omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mì kí ó lè bì. Orí ló kó o yọ, ṣùgbọ́n ó kọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó jẹ àti bí nǹkan ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, Thomas Fraser, fi esere ṣe iṣẹ́ àṣegboyè rẹ̀ ní ọdún 1862, tí wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Fraser ṣàkíyèsí pé bí oje erèé náà bá kan ojú, ẹyinjú a máa pa ihò rẹ̀ dé títí yóò fi dà bí ojú abẹ́rẹ́. Ní ọdún 1864, àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà kúrò lára erèé, wọ́n sì pè é ní physostigmine. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Faransé fún un ní orúkọ mìíràn, eserine, èyí tí wọ́n yọ láti ara orúkọ tí àwọn Efik ń pe erèé wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1877, dókítà ojú kan, Ludwig Laqueur, bẹ̀rẹ̀ sí í kán an sójú àwọn tí omi inú ẹyinjú wọn ń ga jù, àìsàn tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tó máa ń jí ojú gbé lọ díẹ̀díẹ̀. Bí erèé tí wọ́n fi ń pa ènìyàn ṣe di ohun tí ń gba ojú là nìyẹn.

Báwo ni ohun kan náà ṣe lè pani, kí ó sì tún woni sàn? Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹran ara kan ṣiṣẹ́, ońṣẹ́ kan ló ń rán sí i ní òpin okùn iṣan. Bí ońṣẹ́ náà bá ti jíṣẹ́ tán, ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ń gbá a kúrò, kí ó má baà dúró máa jíṣẹ́ kan náà léraléra. Ọwọ́ agbálẹ̀ yìí ni esere máa ń dè. Bí a bá dè é díẹ̀, ońṣẹ́ a pẹ́ díẹ̀ sí i: ihò ẹyinjú a sún kì, omi inú ojú a sì rí ọ̀nà gbà jáde. Nítorí èyí náà ni Dókítà Mary Walker ṣe fún obìnrin kan tí iṣan rẹ̀ ti rọ pátápátá ní abẹ́rẹ́ physostigmine ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1934, tí ara obìnrin náà sì ta kébékébé fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dè é ju bí ó ti yẹ lọ, itọ́ a máa dà, ọkàn a máa lọ́ra, iṣan tí a fi ń mí a sì dákẹ́. Ìwọ̀n nìkan ló wà láàrin oògùn àti májèlé.

Àwọn onímọ̀ mọ ohun tí erèé náà ń ṣe. Ní ọdún 1925, wọ́n sì wá mọ bí àwọn èròjà inú rẹ̀ ti so kọ́ra wọn. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú ìgò, láìsí erèé rárá, kí ayé lè gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n tinú tòde. Ẹni tó ṣe é ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Percy Lavon Julian ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1899. Ẹrú ni bàbá bàbá rẹ̀ rí, ìka méjì sì ti kúrò lọ́wọ́ bàbá àgbà náà. Kì í ṣe ọ̀kọ́ tàbí ẹ̀rọ ló gé e. Wọ́n gé e nítorí pé ó kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ohun tí òfin wọn kò gbà fún ẹrú. Ìdílé tí ìwé ti gba ìka lọ́wọ́ wọn ni ọmọ yìí ti jáde wá, bóyá nítorí ìyẹn gan-an ni wọn kò ṣe fi ìwé ṣeré. Bàbá rẹ̀ ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ lẹ́tà inú ọkọ̀ ojú irin, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀.

Ní ìlú Montgomery nígbà náà, ilé-ìwé gidi fún ọmọ aláwọ̀ dúdú kò kọjá kíláàsì kẹjọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dúdú ní iṣẹ́ olùkọ́ ni Julian ti rí ìwọ̀nba tó rí kà. Nígbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Yunifásítì DePauw ní Greencastle, ìpínlẹ̀ Indiana, ní ọdún 1916, bàbá àgbà náà wà lára àwọn tó sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọwọ́ oníka mẹ́ta ni bàbá fi juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ẹ̀kọ́ tó ní kò tó láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Wọ́n gbà á wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó máa lọ kọ́ ẹ̀kọ́ girama tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yunifásítì. Ọdún méjì ló fi ru ẹrù méjì bẹ́ẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó bá àwọn ọmọ funfun gbé ilé kan náà, ó sì ṣòro kí ó tó rí ibi tí wọ́n ti máa fún un lóúnjẹ. Nígbẹ̀yìn, ó rí iṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun kan: òun ló ń koná sí ààrò tó ń mú ilé wọn móoru, òun ló ń gbé oúnjẹ síwájú wọn, òkè àjà ilé wọn ló sì ń sùn. Àwọn tí ó ń gbé abọ́ fún yìí náà ló ń bá jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí wọ́n máa jáde ní ọdún 1920, ọmọ tí kò ní girama ló gba ipò kìn-ín-ní.

Olùkọ́ kẹ́mísírì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n William Blanchard, ni ó fi ìfẹ́ iṣẹ́ náà sí i lọ́kàn. Julian retí pé àwọn yunifásítì ńlá yóò gba òun kí òun lè tẹ̀ síwájú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gba àwọn tó kù. Ó retí títí. Nígbà tí ó lọ bi Blanchard, ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi àwọn lẹ́tà tí wọ́n fèsì hàn án. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ náà mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́, kí ó máa lọ kọ́ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ níwèé, ìyẹn kò sì nílò oyè gíga. Ó lọ kọ́ wọn ní Yunifásítì Fisk fún ọdún méjì. Nígbà tí Harvard wá fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó gba oyè kejì níbẹ̀ ní ọdún 1923, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn ọmọ funfun kan kò ní fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kọ́ wọn. Láìṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé dí.

Ilẹ̀ Austria ni ọ̀nà náà ti wá là. Ní ọdún 1929, ó rí owó ìrànwọ́ gbà láti lọ sí ìlú Vienna, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernst Späth, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ohun tó wà nínú ewé àti egbò. Egbò kan tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀, Corydalis cava, ni wọ́n fún Julian láti tú palẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà dé ojú àmì: bí a ṣe ń rẹ egbò, bí a ṣe ń fà á, bí a ṣe ń ya ohun kan kúrò lára ohun mìíràn títí yóò fi ku ẹyọ kan tó mọ́ gaara, bí a sì ṣe ń wọn ọ̀n. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1931. Ọmọ Austria kan, Josef Pikl, bá a padà sí Amẹ́ríkà láti máa bá a ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1932, Blanchard pè é padà sí DePauw kí ó wá máa ṣe ìwádìí. Ibẹ̀ ni òun àti Pikl ti dojú kọ erèé Kàlàbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, tí orúkọ wọn sì ń jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ pẹ̀lú ti olùkọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò dá nìkan wà lójú ọ̀nà. Robert Robinson ti Yunifásítì Oxford, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kẹ́mísírì lágbàáyé, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1947, ń lé ohun kan náà. Òun ló kọ́kọ́ kéde pé ọwọ́ òun ti tẹ ohun tí ó kù kí a tó dé orí physostigmine.

Julian wo iṣẹ́ náà, ó wo tirẹ̀, kò rí i pé ohun kan náà ni. Ọ̀kan nínú wọn kò tọ̀nà. Kí ni ọmọ dúdú yìí yóò fi bá ọ̀gá Oxford jiyàn? Ìwọ̀n ooru ni. Ohunkóhun tó bá mọ́ gaara ní ibi kan pàtó tí ooru gbọ́dọ̀ dé kí ó tó yọ́. Bí nǹkan mìíràn bá wọ̀ ọ́, kò ní yọ́ síbẹ̀ mọ́. Julian àti Pikl gbé èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fà jáde láti ara esere, wọ́n sì rí i pé wọ́n bára mu rẹ́gí. Ní ọdún 1935, wọ́n tẹ ẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ láìfepobọyọ̀ pé ti Robinson kọ́ ni òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru kò bi ẹnikẹ́ni léèrè àwọ̀ ara rẹ̀.

Ènìyàn ló ń béèrè. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yìí, yunifásítì náà kò fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan gba Pikl síṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn kò mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni Julian. Ní ọdún 1936, ilé-iṣẹ́ Glidden ní ìlú Chicago, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà, gbà á láti máa darí ìwádìí lórí erèé sóyà. Níbẹ̀ náà, esere kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí òróró esere, ó ti rí kóró funfun kan tí ń jẹ́ stigmasterol tí ń dì nínú rẹ̀. Ní ọdún 1940, omi ṣèèṣì wọ inú àgbá tó gba gálọ́ọ̀nù òróró sóyà 100,000, nǹkan funfun kan sì dì sí ìsàlẹ̀. Ojú ẹlòmíràn ìbá rí òróró tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n Julian mọ ẹni tí ó rí: ohun tí ó bá pàdé nínú erèé Kàlàbá ni. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe progesterone lọ́pọ̀ yanturu, họ́mónù tí àwọn dókítà ń lò láti dáàbò bo oyún. Lẹ́yìn náà, ó rí ọ̀nà tó mú kí cortisone, oògùn tí wọ́n ń lò fún làkúrègbé tó le, dín ní owó.

Ní ọdún 1950, ó ra ilé sí Oak Park, lẹ́bàá Chicago. Kí ìdílé rẹ̀ tó kó wọ ilé náà, àwọn kan gbìyànjú láti dáná sun ún. Ní ọdún 1951, wọ́n ju àdó olóró sí i nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé. Kò kó kúrò. Ní ọdún 1973, àwọn àgbà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà yàn án sínú ẹgbẹ́ wọn, òun sì ni oníṣẹ́ kẹ́mísírì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Ó kú ní ọdún 1975. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kẹ́mísírì Amẹ́ríkà sọ iṣẹ́ erèé Kàlàbá náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní yunifásítì tí kò fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Asofẹ́yẹjẹ wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ reserpine láti ara ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní ilẹ̀ India. Oògùn náà ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, ó sì ń pẹ̀tù sí orí tó gbóná. Ohun kan náà ló wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Àwọn oníṣègùn wa kò purọ́, wọ́n mọ egbò náà. Ṣùgbọ́n ewé kan kù: kò sí ẹni tó lè sọ pé báyìí ni ó pọ̀ tó nínú ìgò yìí, báyìí ni ó pọ̀ tó nínú ìyẹn. Bí reserpine bá pọ̀ jù, ìfúnpá a já wálẹ̀, ìrònú a sì gba ẹni náà lọ́kàn. Ẹni tó ń bu àgbo pẹ̀lú ife lónìí kò mọ̀ bóyá egbò tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ yìí le ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ti ń wọn ọ̀n.

Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é. Ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí orin àtà, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń jẹ láàárọ̀. Wọ́n fi hàn pé omi egbò rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Ìgò àyẹ̀wò kì í ṣe ara ènìyàn, ọ̀nà ṣì jìn láàrin méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ta ni yóò rin ọ̀nà náà dé òpin? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ka kẹ́mísírì ní ilé-ìwé girama lórílẹ̀-èdè yìí tí ọwọ́ wọn kò kan ìgò àyẹ̀wò títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Orí pátákó ni wọ́n ti ń kọ́ bí nǹkan ṣe ń yọ́, inú ìwé ni wọ́n ti ń gbóòórùn ásíìdì. Wọ́n mọ orúkọ èròjà tó ń bẹ nínú òkúta Yúróòpù ní orí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé asofẹ́yẹjẹ tó hù lẹ́yìn kíláàsì wọn, kẹ́mísírì ni. Ọmọ òṣìṣẹ́ ń wà nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ ń wà nínú wọn, ọmọ ẹlẹ́wé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta àgbo ní ìkóríta náà sì ń wà nínú wọn, ẹni tó ti mọ ewé kí ó tó mọ ABD. Kò sí òfin kankan tó gé ìka wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n láìfún un ní òṣùwọ̀n, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ kò wúlò ju mẹ́jọ bàbá àgbà Julian lọ.

Iye tí ó máa ná ilé-ìwé kan láti ra òṣùwọ̀n kékeré kan, ẹ̀rọ tí ń wọn ooru méjì, àti ìgò bíi mélòó kan, kò tó iye tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọjọ́ kan. Ìjọba ló ni ẹrù náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í dúró de alágbàṣe kí ó tó gbé igbá sábẹ́ rẹ̀. Egbò wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà lọ. Ewé tó kù kan nínú oògùn ilẹ̀ wa wà nínú kíláàsì lónìí, ó ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé. Kí wọ́n fún un ní òṣùwọ̀n kí ó tó ṣíwọ́ ilé-ìwé.